Ìbọn Onídẹ ti Griswoldville àti Àwọn Tó Rọ Ọ́

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni ìbọn ìléwọ́ méjì kan fi jà mí lọ́kàn. Mi ò ra ìkankan nínú wọn, mi ò sì yìn wọ́n wò. Mo kàn gbé wọn dání fún ìṣẹ́jú díẹ̀ níbi ìpàtẹ ohun ìjà àtijọ́ kan nítòsí Macon, ní ìpínlẹ̀ Georgia l'Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ Sátidé kan tí òjò ń ṣẹ́ winniwinni. Láti ọjọ́ náà, bí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, bí mo ń fọ abọ́, bí oorun dá lójú mi lóru, ìbéèrè kan náà ló ń padà wá: ta ló rọ ọ́?

Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni mí. Ṣakí ni bàámi ti ń rọ ọkọ́ àti àdá, àwọn náà ni àwọn ọdẹ máa ń gbé ìbọn ṣakabùlà wá bá bí ó bá yọnu. Ewìrì fífẹ́ ni iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe láyé mi. Níbí, ilé iṣẹ́ tí ẹ̀rọ oníkọ̀ǹpútà ti ń gé irin ni mo ti ń jẹun. Nítorí náà, bí mo bá rí ohun tí wọ́n fi irin tàbí idẹ ṣe, kì í ṣe ẹwà rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Etí rẹ̀ ni: ṣé ó ṣì mú, àbí wọ́n ti dan án jù? Lẹ́yìn náà, mo máa ń wo ibi tí ẹ̀yà méjì ti pàdé, bóyá èékánná lè wọ àárín wọn. Ibi tí ọwọ́ èèyàn ti kan nǹkan ni mo máa ń wá.

Àwòṣe yàtọ̀ sí ayédèrú

Ẹni tó bá gbọ́ pé àwọn kan ń ṣe ìbọn ológun ayé àtijọ́ ní tuntun lè rò pé jìbìtì ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ayédèrú ni èyí tí wọ́n ṣe kí wọ́n lè fi tan èèyàn jẹ. Àwòṣe ni èyí tí ẹni tó ṣe é fi orúkọ ara rẹ̀ sí lára, tó sọ gbangba pé ti àtijọ́ lòún wò ṣe é. Púpọ̀ nínú àwọn àwòṣe tó gbayì lọ́jà, Ítálì ni wọ́n ti ń wá, láti àfonífojì Val Trompia àti agbègbè rẹ̀ lẹ́bàá ìlú Brescia. Iṣẹ́ ìbọn ni wọ́n ń ṣe jẹun níbẹ̀ látìrandíran, bí àwọn ará Ìsẹ́yìn ṣe ń fi òfì jẹun. Àkọsílẹ̀ wà pé lọ́dún 1526, ìdílé Beretta ti ìlú Gardone ta ọ̀pá ìbọn 185 fún ìjọba Venice.

Ní 1959, Aldo Uberti dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Gardone yìí kan náà. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń múra nígbà náà láti ṣe ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún ogun abẹ́lé wọn, èyí tí wọ́n jà láti 1861 sí 1865. Àwọn tó fẹ́ wọ aṣọ ológun kí wọ́n sì ṣe bí ogun náà ṣe lọ pọ̀, bẹ́ẹ̀ ìbọn ojúlówó ti gbó, ó sì ti wọ́n. Val Forgett, oníṣòwò ará Amẹ́ríkà tó ni Navy Arms, lọ bá àwọn ará àfonífojì náà pé kí wọ́n bá òun ṣe irú ìbọn tí Samuel Colt gbé jáde ní 1851, èyí tí wọ́n ń pè ní Navy. Ibẹ̀ ni òwò yìí ti gbilẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Colt fúnra rẹ̀ tún padà sídìí Navy ní 1971, ẹ̀yà tí wọ́n kó wá láti Ítálì láìtíì parí ni wọ́n ń lò.

Iṣẹ́ tó wà nínú àwòṣe gidi kì í ṣe kékeré. Ẹ̀rọ lè gé irin dé ìwọ̀n tí ojú kò lè rí, ìyẹn kì í ṣe wàhálà mọ́. Ibi dídán ni wàhálà wà. Ẹni tó ń dan irin tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rọ jù díẹ̀ pẹ́rẹ́, etí tó yẹ kó mú yóò dọ́gbọ̀n rọ̀, ojú ihò ìdè, ìyẹn ìṣó tí wọ́n ń lọ́ wọlé, yóò jìn wọlé bí àwo. Àwọn àgbà tó ṣe ojúlówó kì í jẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Ti àwọ̀ tún wà níbẹ̀. Láyé ọjọ́un, inú èédú egungun àti awọ ni wọ́n ń sin férémù ìbọn sí, ìyẹn egungun tó di gbogbo ẹ̀yà tó kù mú. Wọ́n á kó o síná títí yóò fi pọ́n, wọ́n á wá dà á sómi lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá jáde, àwọ̀ aró, àwọ̀ eérú àti àwọ̀ ewé gbígbẹ yóò máa ṣàn wọnú ara wọn lójú rẹ̀ bí epo tó dà sójú àgbàrá. Ọ̀pọ̀ àwòṣe òde òní, kẹ́míkà ni wọ́n fi ń wá àwọ̀ yìí. Ó jọ ọ́, àmọ́ kò ṣàn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwòrán tó wà lára ilé ọta, ìyẹn apá tó ń yí tó sì ní ihò mẹ́fà. Lára Navy ti Colt, ogun ojú omi kan tó wáyé ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 1843 nítòsí Campeche ni wọ́n yà síbẹ̀, Waterman Ormsby ló sì fín in. Lára ojúlówó tí kò tíì jẹ, èèyàn lè rí àwọn okùn orí ọkọ̀ ojú omi náà. Àwòṣe tó rí bẹ́ẹ̀ kò pọ̀.

Ohun kan tún wà tí kò dùn mọ́ mi nínú rárá. Àwọn kan ń ta Navy tí ìbú ọta rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n .44, bí a bá fi ínṣì wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n .36 ni Navy. Èyí tí wọ́n ń tà yẹn kò wò nǹkan kan ṣe, nítorí kò sí irú rẹ̀ rí láyé àwọn tó ni ín.

Ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún

Níbi ìpàtẹ yẹn, bàbá àgbàlagbà aláwọ̀ funfun kan jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n tẹ́ aṣọ dúdú lé. Inú àpótí onídígí kan ni ìbọn kan wà, òmíràn wà lórí aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì jẹ́ irú kan: Griswold & Gunnison, ìbọn tí apá Gúúsù, ìyẹn àwọn ìpínlẹ̀ tó fẹ́ ya kúrò lára Amẹ́ríkà, ṣe ní Griswoldville nítòsí Macon nígbà ogun nípa wíwo Navy ti Colt. Èyí tó wà nínú dígí ni ojúlówó, èkejì wá láti Ítálì. Bí ẹ bá rò ó dáadáa, àwòṣe ti àwòṣe ni ti Ítálì yìí.

Bàbá náà rí i pé mo pẹ́ lórí ìdúró. Ó bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo sọ fún un, mo sì fi kún un pé alágbẹ̀dẹ ni bàbá tó bí mi. Kò wí nǹkan kan. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó ṣí dígí, ó fi ìbọn Ítálì sí mi lọ́wọ́ òsì, ó fi ojúlówó sí mi lọ́wọ́ ọ̀tún.

Ti ọwọ́ òsì dára. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó dára gan-an. Férémù idẹ rẹ̀ ń tàn yẹ̀rìyẹ̀rì, igi ìdìmú rẹ̀ bá idẹ náà mu débi pé n kò rí ibi tí èékánná lè wọ̀. Ọ̀pá rẹ̀ rí róbótó gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ kí ti Griswold rí, kò dà bíi ti Colt tó ní igun mẹ́jọ. Ilé ọta rẹ̀ kò ní àwòrán kankan, nítorí àwọn ará Griswoldville kò yàwòrán sí tiwọn. Ẹni tó ṣe é ti kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ yé. Òǹtẹ̀ sì kún ara rẹ̀: ìràwọ̀ tó wà lórí lẹ́tà PN, tó ń sọ pé ẹ̀tù dúdú nìkan ni wọ́n ń kì sí i, lẹ́tà ọdún tí wọ́n dán an wò, orúkọ ilé iṣẹ́, orúkọ ẹni tó kó o wọ Amẹ́ríkà.

Mo wá wo ọwọ́ ọ̀tún. Férémù tirẹ̀ kò tàn bẹ́ẹ̀. Ó pọ́n, ó pọ́n bíi bàbà, nítorí bàbà ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n yọ́. Irin ti ṣọ̀wọ́n lápá Gúúsù, idẹ gan-an kò pọ̀ tó. Lọ́dún 1862, Ọ̀gágun Beauregard bẹ àwọn ará ìlú pé kí wọ́n yọ agogo ṣọ́ọ̀ṣì wá kí wọ́n lè fi rọ àgbá ogun. Mo yí ilé ọta rẹ̀ síbi iná. Ojú rẹ̀ ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, tó dagun láti ìsàlẹ̀ lọ sókè bí okùn tí wọ́n lọ́.

Ọkàn mi sọ kúlú. Mo mọ ìlà yẹn. Bí ọmọdé ọdún mẹ́wàá, mo ti di ẹmú mú fún bàámi nígbà tí wọ́n ń lọ́ irin pupa fún ojú fèrèsé ilé olówó kan. Bí irin bá ní ìdọ̀tí nínú, ìdọ̀tí náà máa ń tò gbọọrọ nínú rẹ̀ bí iṣan ẹran, ibẹ̀ náà ló sì ti máa ń là. Bí wọ́n bá lọ́ ọ, ìlà náà kò ní tọ́ mọ́, kò sì ní rí ọ̀nà là gbọọrọ. Àwọn ará Griswoldville kò rí irin líle tó tó, wọ́n wá mú irin lásán, wọ́n lọ́ ọ nínú iná, wọ́n gbẹ́ ihò mẹ́fà sí i, ó sì gba ẹ̀tù. Kò sí kọ̀ǹpútà tó gbọ́n iyẹn. Ẹni tó dúró ti iná ló gbọ́n ọn.

Mo wá orúkọ lára rẹ̀. Mi ò rí. Nọ́ńbà wà, àmì bíńtín kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò ju orí abẹ́rẹ́ ìránṣọ lọ. Bàbá náà ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn rí, pé ilé iṣẹ́ náà kì í tẹ orúkọ sí iṣẹ́ rẹ̀, àmì yẹn nìkan ni, ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ ohun tó túmọ̀ sí.

Mo ní, "Ta ló tẹ̀ ẹ́?"

Ó gbójú kúrò lójú mi, ó wo tábìlì. Ó ní àwọn bíi 24 ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ìwé ìjọba sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní 22 nínú wọn, ẹrú ni.

Ìbọn náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Àtàǹpàkò mi wà lórí àmì yẹn.

Ẹrú kú, ìyá rẹ̀ kò gbọ́

Samuel Griswold kì í ṣe ọmọ Georgia. Connecticut ló ti wá, ó sì fi ẹ̀rọ tó ń ya kóró kúrò lára òwú di ọlọ́rọ̀. Ẹ wo bí nǹkan ṣe so kọ́ra: ẹ̀rọ yẹn ló mú kí òwú máa mówó wọlé, owó òwú ló sì mú kí wọ́n túbọ̀ máa ra èèyàn. Nígbà tí ogun dé, ilé iṣẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ rọ ọ̀kọ̀ fún Gómìnà Joseph Brown ti Georgia. Arvin Gunnison wá bá a láti New Orleans, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìbọn ní 1862. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Sherman, ọ̀gágun apá Àríwá, fi máa dáná sun ibẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 1864, wọ́n ti ṣe nǹkan bí 3,700. Nínú gbogbo ilé iṣẹ́ tó ṣe ìbọn ìléwọ́ ní apá Gúúsù, kò sí èyí tí tirẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ìbọn tí ẹrú rọ, kí àwọn tó kó wọn lẹ́rú lè fi jagun láti máa ní ẹrú lọ. Mo ti kọ gbólóhùn yẹn, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí. Mi ò rí ọ̀nà tí mo lè gbà sọ ọ́ tí yóò fi fúyẹ́.

Mi ò sọ pé ọmọ Yorùbá ni wọ́n. Láti 1808 ni òfin ti ka kíkó ẹrú wọ Amẹ́ríkà léèwọ̀, Amẹ́ríkà níbẹ̀ ni wọ́n sì bí ọ̀pọ̀ àwọn tó wà lóko ẹrú nígbà ogun sí. Mi ò ní fi ìdílé tí kò dá mi lójú ṣe tèmi. Àmọ́ òwe tí àwọn àgbà wa pa kò yọ ẹnì kankan sílẹ̀: ẹrú kú, ìyá rẹ̀ kò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, bẹ́ẹ̀, ẹrú ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Àwa tí a ń pa òwe yìí, àwa náà ra èèyàn, a sì ta èèyàn. Ohun tó jẹ́ kí òwe náà wúwo lẹ́nu wa nìyẹn.

Ohun tí mo ń bá àwọn oníṣẹ́ àwòṣe jà lé lórí kò ṣòro. Wọ́n ti wo ìwọ̀n ọ̀pá ìbọn, wọ́n ti wo bí igi ìdìmú ṣe tẹ̀, wọ́n ti ka eyín ìdè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orúkọ Griswold àti Gunnison wà lára páálí àti nínú ìwé ìpolówó. Àwọn méjì yẹn ló ni owó. Àwọn tó ni ọwọ́ ńkọ́? Mi ò tíì rí ìwé kan nínú páálí tó dárúkọ wọn, kódà gẹ́gẹ́ bí iye. Ẹni tó bá fẹ́ wo nǹkan ṣe, ó yẹ kó wò ó dé ìdí. Ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé pélébé tí wọ́n ń fi há a, "àwọn ẹrú ló pọ̀ jù nínú àwọn tó rọ ojúlówó yìí," èló ni yóò ná wọn?

Àwọn kan ti sọ fún mi pé ohun ìṣeré ọjọ́ ìsinmi ni, pé kí n má fi ìtàn ba ayọ̀ aláyọ̀ jẹ́. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà yìí kan náà ni wọ́n máa ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ títí dòru lórí bóyá àwọ̀ idẹ pọ́n tó, lórí bóyá orí ìdè kan jọ ti 1862. Òótọ́ ni wọ́n ń wá, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn nítorí ẹ̀. Wọ́n tún fẹ́ràn láti máa sọ pé idẹ yẹn àti irin lílọ́ yẹn fi ọgbọ́n àwọn ará Gúúsù hàn, bí wọ́n ṣe fi àìní ṣe nǹkan. Ọgbọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo fẹ́ ká sọ agbárí tó wà.

Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi wakọ̀ lọ sí Griswoldville lọ́sẹ̀ kẹta. Pápá ni mo bá, àti igi páìnì, àti ojú irin rélùwéè. Àmì ìrántí ogun tí wọ́n jà níbẹ̀ lọ́jọ́ 22 oṣù Kọkànlá wà. Mo fi bàtà tu ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà bóyá mo lè rí ìdàrọ́. Erùpẹ̀ pupa ni, bíi ti ilé.

Ìpè Ṣakí

Mo pe bàámi lálẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, wọn kì í lọ sí àgbẹ̀dẹ mọ́, àmọ́ etí wọn ṣì mú. Mo ròyìn ìbọn náà fún wọn látòkè délẹ̀.

Wọ́n ní, "O ní idẹ ni egungun rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàámi. Èyí tí bàbà pọ̀ nínú ẹ̀."

"Irin lílọ́ sì ni ibi tí wọ́n ń ki ẹ̀tù sí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọ àgbẹ̀dẹ. Ẹni tó lọ́ irin tí irin ò là mọ́ ọn lọ́wọ́, tó tún gbẹ́ ihò mẹ́fà sí i, ọ̀gá ni. Wọn ìbáà pè é lẹ́rú ní ìgbà ogún, ọ̀gá ni. Kí lorúkọ wọn?"

Mo ní wọn kò kọ orúkọ wọn síbẹ̀.

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn, bàámi."

Mo gbọ́ tí wọ́n mí. Mo rò pé wọ́n máa sọ̀rọ̀ nípa Ògún, tàbí kí wọ́n gbàdúrà. Wọn kò ṣe ìkankan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ. Ó tó ìṣẹ́jú kan kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń kà, láti ẹni àkọ́kọ́ tó fẹ́ ewìrì fún wọn lọ́dún tí wọ́n gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́, títí kan àwọn tí kò parí, títí kan ọ̀kan tó sá lọ sí Kotonu tí kò padà mọ́. Wọ́n ń sọ ohun tí ọwọ́ oníkálùkù mọ̀ ọ́n ṣe. Eléyìí mọ ọkọ́ rọ. Eléyìí ò lè rọ ọkọ́ ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè pọ́n àdá bíi rẹ̀. Mo fa ìwé ìpolówó tí mo gbà níbi ìpàtẹ yẹn jáde, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pè é.

Mẹ́rìndínlógún ni. Mẹ́rìnlá ni mo rí kọ, nítorí orúkọ méjì sọnù mọ́ wọn lẹ́nu. Inú wọn kò dùn sí i rárá. Wọ́n ní kí n fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀, kí n má fa ìlà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, aago mẹ́rin ìdájí níbí, fóònù mi dún. Wọ́n ti rántí ọ̀kan.